Ẹ̀rọ Kẹ́hìndé Rèé, Tèmi Dà?

Ínsúlínì ní òórùn. Àwọn tí kò bá a gbé inú yàrá kan rí kì í gbà bí mo bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní òórùn. Ó jọ òórùn báńdéèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọ̀rá, ó sì tún fara jọ ti oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù. Òórùn yìí ló ń pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà yàrá èmi àti Kẹ́hìndé nílé bàbá wa ní Ọ̀fà, láti ìgbà tí a ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìkòkò omi kan wà ní igun yàrá náà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu omi inú rẹ̀ mu, nítorí ibẹ̀ là ń gbé ìgò ínsúlínì sí kí ooru má bàa bà á jẹ́ nígbà tí iná bá lọ, iná ọ̀hún kì í sì í pẹ́ lọ. Bí Kẹ́hìndé bá fa oògùn sínú síríńjì, tí ó ta díẹ̀ dànù kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ìkán kan á já sórí ẹní, òórùn á sì gba gbogbo ibẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára débi pé bí mo bá lọ sùn níbòmíràn, mo máa ń rò pé yàrá náà kò tíì mọ́ tónítóní.

O mọ̀ pé ìbejì ni wá, o sì mọ̀ pé èmi tí mo kọ́kọ́ jáde ni àbúrò. Wọ́n ní òun ló rán mi wá wo ayé. Mo wò ó, mo ké sí i pé kó máa bọ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá. Nílé wa, ohun tí wọ́n bá rà fún ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ rà á fún èkejì, kí inú má bàa bí ẹni tí kò rí gbà, kó sì ní òun ń padà síbi tí òun ti wá. Ìyá wa kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nígbà tí wọ́n ní Kẹ́hìndé ní àtọ̀gbẹ, irú èyí tó máa ń mú ọmọdé, tí ara kì í ṣe ínsúlínì fúnra rẹ̀ mọ́, tí èèyàn á máa gún un sára títí ayé, ìyá wa ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ na apá tèmi náà sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì náà gbọ́n. Ó fi òwú tútù nu apá mi, ó fi èékánná já mi díẹ̀, ó ní ó ti parí. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé èékánná ni. Síbẹ̀ inú mi dùn.

Iṣẹ́ wo ló wá kù fún mi nínú àìsàn tí wọn kò fún mi? Iṣẹ́ ìṣọ́ ni. Bí ṣúgà Kẹ́hìndé bá ń já wálẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀, kí òun alára tó mọ̀. Òógùn á yọ sí ètè òkè rẹ̀ bíi ìrì. Á di olóríkunkun lójijì, á ní òun kò ní jẹ nǹkan kan. Bó bá ti lè bi mí pé, “Kí lò ń wò?” mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgò mínírà. Nígbà tó lọ sílé ọkọ, mo kọ́ ọkọ rẹ̀ ní àwọn àmì yìí bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní a-b-d. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á sórí, ó kéré tán èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ náà kú, Kẹ́hìndé padà wá sílé bàbá wa, sínú yàrá wa, èmi náà sì ń bá a gbé ibẹ̀. Ọkọ tèmi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, oṣooṣù ló ń wá, ó sì ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi pé igbákejì lòun nínú ọkàn mi. Ọlọ́run bá mi ṣe é, kì í ṣe oníjà.

Ọmọ Kẹ́hìndé obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun, ló gbé ẹ̀rọ náà wálé nígbà Iléyá. Kò tóbi ju fóònù kékeré àtijọ́ lọ. Ínsúlínì wà nínú rẹ̀, okùn rọ́bà tín-ín-rín kan sì jáde lára rẹ̀ wọ abẹ́ awọ ikùn, ó ń kán oògùn náà wọ ara díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Èkejì rẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá. Bọ́tìnnì yìí ló ń wo ṣúgà inú ara, òun ló ń ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀rọ àti fún fóònù. Bí ṣúgà bá ń wálẹ̀ jù tàbí tó ń gòkè jù, fóònù á ké. Kò sì parí síbẹ̀: fóònù ọmọ náà lókè òkun á ké pẹ̀lú.

Ìyá wa, Alhaja, jókòó lórí tìmùtìmù, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi so ohun gbogbo mọ́ ara Kẹ́hìndé tán.

“Ó dára gan-an ni,” ó ní. “Ti Táyé dà?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Alhaja, ara Mummy Táyé le, kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n.”

“Mo ti gbọ́. Mo ní tirẹ̀ dà?”

Gbogbo ilé fi ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí o mọ̀ mí, o ti mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn kò kọjá eyín.

Kò pẹ́ tí òórùn ínsúlínì fi kúrò nínú yàrá wa, owú sì gba àyè rẹ̀. Ní àsàlàátù ọjọ́ Àìkú kan, fóònù Kẹ́hìndé ké láàárín àdúà. Ká ní fóònù tèmi ni, ojú tí wọn ì bá fi wò mí, n kì bá tún lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ti Kẹ́hìndé ni, olórí àwọn obìnrin wa dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ní kí a fi àdúà kan ran Kẹ́hìndé àti ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo wọn ṣe àmín gígùn. Èmi náà ṣe àmín, tèmi kúrú.

Ìyẹn sàn. Ti àdúgbò ló dùn mí jù. Àwa méjèèjì jọra débi pé láti kékeré làwọn èèyàn ti ń dá wa dúró lọ́nà pé, “Ẹ̀jìrẹ́, èwo nínú yín nìyí?” A kì í dáhùn kíákíá. A máa ń jẹ́ kí wọ́n jìyà díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ìbéèrè yẹn tán. Wọ́n kàn ń wo ìbàdí. Àwọn ọmọ àdúgbò á kúnlẹ̀ fún un pé, “Ẹ káàárọ̀ mà, Mummy Ẹlẹ́rọ.” Èmi tí mò ń bọ̀ lẹ́yìn á gba “Ẹ káàárọ̀ mà.” Bẹ́ẹ̀ náà ni, kò ní ìrù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kẹ́hìndé ń lọ aṣọ ní pálọ̀. Bí mo ti gbójú sókè báyìí, mo rí òógùn lórí ètè rẹ̀. Inú mi dùn, kí n má purọ́ fún ọ. Mo sáré sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì, mo ra mínírà tútù, mo sáré padà bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí mo wọlé, ó ń jẹ èso dàbínù lọ́wọ́ kan, ó ń fi èkejì lọ aṣọ.

“Fóònù ti sọ fún mi ṣáájú,” ó ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ó ti ń padà sí ipò.”

Mo dúró síbẹ̀, ìgò náà ń kán omi sí mi lẹ́sẹ̀.

“Ìwọ mu ún,” ó ní. “Ọ̀fun rẹ á ti gbẹ.”

Mo mu ún. N kò mu mínírà tó korò bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wá sọ lẹ́yìn náà. Olùkọ́ ni Kẹ́hìndé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjagbó. À ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tó ní òun ti rí ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun sì fẹ́ lọ máa gbé ibẹ̀.

“Ìwọ àti ta?” mo bi í.

“Èmi nìkan.”

“Ìwọ tí o kò dá sùn rí láti inú oyún?”

“Ìdí tí mo fi fẹ́ dán an wò nìyẹn.”

“Bí ṣúgà rẹ bá já wálẹ̀ níbi tí o sùn sí ńkọ́?”

“Ẹ̀rọ á dá oògùn dúró, fóònù á sì jí mi.”

“Fóònù. Èyí tí o máa ń wá káàkiri ilé nígbà tí o dì í mú lọ́wọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. O lè máa fi mí ṣẹ̀sín: Ìjagbó. Ẹni tó bá sín ní Ọ̀fà, ará Ìjagbó lè bá a ṣàdúà. Èmi fúnra mi ń rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́ lọ síbi iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlémọnà. Kì í ṣe ọ̀nà ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé bó bá lọ, tó sùn níbẹ̀, tó sì jí ní àlàáfíà láìsí mi, kí wá ni mo jẹ́ sí i mọ́? Gbogbo ayé mi, èmi ni ẹni tó ń ṣọ́ Kẹ́hìndé. N kò tíì gbìyànjú láti jẹ́ ẹlòmíràn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ tó le, òun náà sọ tirẹ̀. Ó ní mò ń ṣe bí ẹni pé èmi ni mo ni àìsàn òun. Láti ọjọ́ náà, a ń kí ara wa bí ará ọ́fíìsì. Oúnjẹ tí à ń jẹ nínú abọ́ kan ṣoṣo pín sí méjì. Alhaja rí abọ́ méjì náà; ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun àsárì, ó pe àwa méjèèjì sí yàrá rẹ̀.

“Ẹ̀ ń bínú síra yín,” ó ní. “Mo mọ ohun tó fà á. Mo ti sọ ọ́ láti Iléyá, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún ọ̀kan, wọn ò fún èkejì. Kẹ́hìndé ò ní lọ síbì kankan títí tí ẹ ó fi dọ́gba. Táyé, pe ọmọ yẹn fún mi.”

Mo pè é. Ojú ọmọ náà yọ lórí fóònù, Alhaja sì sún mọ́ ọn títí tó fi jẹ́ pé iwájú orí nìkan lọmọ náà á máa rí.

“Alhaja, bí a bá fi ínsúlínì sára Mummy Táyé, ó lè pa wọ́n.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bọ́tìnnì ńkọ́?”

“Bọ́tìnnì kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó kàn ń wo ṣúgà ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?”

“Wọ́n fẹ́ fi ṣe ìbejì,” Alhaja dá a lóhùn, ó sì na fóònù padà sí mi.

Èmi, obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó kàwé, tó ń fọwọ́ sí ìwé ìjọba, ó yẹ kí n ní rárá. Ṣùgbọ́n kí fóònù tó dé ọwọ́ mi ni mo ti ń ká apá aṣọ mi sókè. Bọ́tìnnì àfipamọ́ tí ọmọ náà kó sílẹ̀ ṣì ṣẹ́ kù díẹ̀. Kẹ́hìndé mú ọ̀kan wá, ó fi òwú nu ẹ̀yìn apá mi.

“Má pariwo o,” ó ní.

“Mo ti ń pariwo láti àárọ̀, nínú ni.”

Ó rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti jà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lára. Kì í ṣe èékánná lọ́tẹ̀ yìí.

Áà, mo gbéra ga. Àsìkò ọyẹ́ ni, gbogbo ènìyàn ń wọ súwẹ́tà, èmi wọ búláùsì alápá péńpé lọ sí Ìlémọnà. Akọ̀wé kan rí bọ́tìnnì náà, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. “Ah, Mummy, ẹ̀yin náà ti ní in? Ọlọ́run á wò yín sàn.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba àdúà tí kì í ṣe tèmi, mo tún fi ohùn tó rẹ̀ díẹ̀ gbà á.

Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì náà já mi kulẹ̀. Kẹ́hìndé ti so ó mọ́ fóònù mi, ìlà tó ń yà síbẹ̀ láti fi bí ṣúgà mi ṣe ń lọ hàn sì tẹ́jú bí irin rélùwéè. Fóònù mi kò ké. Mo jẹ súyà, mo mu mínírà, mo fi búrẹ́dì lé e lórí, kó sáà lè ké lẹ́ẹ̀kan péré kí àwọn ará ọ́fíìsì gbọ́. Ìlà náà gbé orí sókè díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ lójú oorun, ó tún padà sùn. Bí o bá fẹ́ mọ bí owú ti ń ya èèyàn ní wèrè tó, rò ó wò: mò ń jowú nítorí pé ara mi dá.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, a gún iyán. Alhaja ní abọ́ kan ṣoṣo ni kí a bù ú sí, nítorí a ti dọ́gba. Èmi àti Kẹ́hìndé jókòó lórí ẹní, a tẹ́ fóònù wa méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àwo ẹran. Mo ti mú òkèlè kí n tó rí i pé òun kò tíì fọwọ́ kan nǹkan. Ó ń wo iyán náà. Ó ń ṣírò iye ínsúlínì tó máa gbé e, ó tẹ ẹ̀rọ, ó dúró kó wọ ara. Èmi ń jẹ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

A jẹ ohun kan náà. Ìlà mi gòkè díẹ̀, ó padà sílé. Tirẹ̀ gòkè, kò dúró. Ó tún ẹ̀rọ tẹ̀. Ó kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí itan, ó ń máàkì, ojú rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ láàárín ìwé àti fóònù. Ìlà náà dúró lókè, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, wẹ́rẹ́ báyìí ó ti ń sáré. Fóònù ké. Ó jẹ dàbínù. Ó dúró. Ọmọ pè láti òkè òkun, Kẹ́hìndé dá a lóhùn pé, “Mo ti rí i, mo ti jẹ nǹkan.” Ìlà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kẹ́hìndé mí kanlẹ̀, ó tún ẹ̀rọ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gàríbì. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan lára mi ní gbogbo àkókò yẹn. Mo tilẹ̀ sùn díẹ̀.

Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìlà méjèèjì. “Ti Táyé kò ṣe iṣẹ́ kankan.”

“Ó ń ṣiṣẹ́, Alhaja,” Kẹ́hìndé ní. “Ara rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Tèmi ni mò ń fọwọ́ ṣe.”

Mo bi í pé, “Ṣé bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí?”

“Òní dára,” ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bọ́tìnnì lọ. Mo rò pé mo mọ àìsàn yẹn tinú-tẹ̀yìn. Òógùn orí ètè ni mo mọ̀, ìyẹn ibi tí gbogbo wàhálà náà ń gbà jáde nígbà tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìyókù, ìṣírò, ìdúró, ìfura, nínú òkùnkùn ló ti ń dá a ṣe láti ìgbà tí a ti jẹ́ ọmọbìnrin, kò sì sí ìlà kankan tí mo lè rí.

Kò gbójú kúrò lórí ìwé tó ń máàkì nígbà tó tún sọ̀rọ̀. “Àwọn mínírà yẹn. O gbà mí lọ́wọ́ ikú lọ́pọ̀ ìgbà, n kò ní gbàgbé láé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ooru ilé ìdáná lásán ló ń mú mi làágùn. Màá mu ẹnu kan, màá da ìyókù sídìí igi ọsàn.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Inú rẹ máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀.”

Ó wá yé mi. Nínú gbogbo ohun tó ń fọwọ́ ṣe yẹn, èmi náà wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣe mí.

“Abájọ tí ọsàn yẹn fi ń dùn,” mo ní nígbẹ̀yìn, ó sì fi ìwé bojú, ó rẹ́rìn-ín títí tí Alhaja fi bi wá léèrè ohun tí a jẹ.

Nígbà tí ọjọ́ tí bọ́tìnnì mi máa fi ṣiṣẹ́ pé, ó bọ́ kúrò lára mi, n kò béèrè òmíràn. Alhaja bi mí bóyá a ti dọ́gba tán. Mo ní a ti dọ́gba, Alhaja. Ọmọ rere ni mí, mo mọ ìgbà tí irọ́ wúlò.

Èmi ni mo bá a di ẹrù Ìjagbó. A gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, orí rẹ̀ yọ sẹ́yìn bí ahọ́n. Kó tó wọlé sínú kẹ̀kẹ́ náà, ó na ọwọ́ sí mi. “Mú fóònù rẹ wá, kí n so ó mọ́ tèmi. Gbogbo bí ṣúgà mi bá ti ń lọ ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ, bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ.”

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ Iléyá nìyẹn, òun ló sì wá gbé e fún mi láìbéèrè. Mo ti mú fóònù jáde nínú pọ́ọ̀sì. Mo wò ó, mo dá a padà.

“Rárá,” mo ní. “Bí o bá fẹ́ kí n mọ nǹkan, pè mí.”

Ó wò mí bí ẹni pé ṣúgà tèmi ló já wálẹ̀.

N kò ní sọ fún ọ pé ó rọrùn. Oorun mi kò dára ní ọjọ́ bíi mélòó kan. Mò ń wo ibùsùn kejì, mò ń wo fóònù, owú ń jẹ mí nítorí ọmọ kan lókè òkun tó ń wo ohun tí èmi kọ̀. Kẹ́hìndé kò pè. Mo bú u fún Alhaja, Alhaja ní kí n lọ bu omi wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni ó wá pè, mo ti ń múra iṣẹ́. Àyà mi já, mo ní ó ti ṣẹlẹ̀.

“Táyé,” ó ní, “ǹjẹ́ o mọ̀ pé mo fẹ́ràn kí fèrèsé wà ní ṣíṣí bí mo bá ń sùn?”

“Láti ìgbà wo?”

“N kò mọ̀. Ìwọ lo máa ń tì í.”

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gèlè tí n kò tíì wé tán. Láti kékeré ni mo ti ń ti fèrèsé yẹn kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ sí i. Mo mọ bí ètè rẹ̀ ti ń làágùn, mo mọ bí ohùn rẹ̀ ti ń yí kí ojú rẹ̀ tó ṣókùnkùn, n kò sì mọ̀ pé obìnrin tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Kò sí bọ́tìnnì tó lè rí ìyẹn. Mo ṣì ń jowú ẹ̀rọ náà nígbà mìíràn, bí mo bá rí i níbàdí rẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni tó ni ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fèrèsé, èmi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.